Ẹ́ńjìnì Hiace nínú Peugeot 504: báwo la ṣe máa so AC mọ́ ọn?

Àtìbà504:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. 504 station wagon ni mọ́tò náà, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kaduna. Ẹ́ńjìnì Hiace, 2RZ-E, ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Ó ti jókòó dáadáa, gíà ti wọlé, ó ń rìn. AC ló kù. Ohun tó ṣẹ́kù nínú AC àtijọ́ ni kọ́ìlì tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kọ̀ndẹ́nsà tó ń da ooru gáàsì nù níwájú rẹdíétọ̀, àti hóòsì tó ti gan bí igi. R12, gáàsì AC ayé àtijọ́, ni wọ́n kọ sí i lára. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò sí mọ́.

Èwo ni kí n pa mọ́, èwo ni kí n sọ nù? Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ wo ni kí n rà? Gáàsì mélòó ló máa gbà? Ẹ ṣáà má sọ pé kí n gbé e lọ bá oní-gáàsì. Mo mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Bẹ́líìtìTóLe:
Ẹ kú oríire ẹ́ńjìnì. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àti ibi tó máa jókòó sí ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló ń pinnu gígùn hóòsì, irú bẹ́líìtì tí ẹ máa rà, àti bóyá fáànù máa ráyè níwájú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra hóòsì, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa rà á.

Kò sí bíràkẹ́ẹ̀tì tó dà bí èyí tí Toyota fúnra wọn ṣe fún ẹ́ńjìnì náà. Àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ máa ń tú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kúrò kí wọ́n lè tà á lọ́tọ̀, bíràkẹ́ẹ̀tì á sì bá a lọ. Ẹ padà sí Ládípọ̀, tàbí Gate tó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ wà, kí ẹ béèrè fún gbogbo ẹ̀ pa pọ̀: kọ̀mpúrẹ́sọ̀, bíràkẹ́ẹ̀tì, pọ́lì kékeré tó ń fa bẹ́líìtì le, àti pọ́lì kránkì tó ní ojú bẹ́líìtì AC. Ti ìkẹyìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ́ńjìnì tó bá ti ara mọ́tò tí kò ní AC wá, pọ́lì kránkì rẹ̀ lè má ní ojú tó máa fa kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rárá. Ẹ gba àwọn bóòtù rẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn, gígùn wọn kì í dọ́gba.

Tí ẹ bá rí Denso 10PA15C tàbí 10PA17C, ẹ gbà á. 10 ni iye sìlíńdà rẹ̀. 15 ń sọ pé ó ń gbé nǹkan bí 155 cc lẹ́ẹ̀kan tó bá yí, 17 ń sọ pé nǹkan bí 178 cc. Èyí tó bá tó 155 tó fún station wagon tó ní kọ́ìlì kan.

Tí bíràkẹ́ẹ̀tì Toyota bá gbé e lọ kọlu ṣáásí tàbí ọ̀pá sitíárì (kì í ṣòro kó ṣẹlẹ̀, ẹ́ńjìnì 504 gan-an dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ti Hiace ló nàró, ibi tí àyè wà kò bára mu), ẹ yí sí Sanden SD7H15. Sìlíńdà 7, 155 cc. Etí mẹ́rin ló ní fún bóòtù, wẹ́dà lè ṣe ìjókòó rẹ̀. SD5H14 náà wà, 138 cc. Ó dára fún mọ́tò kékeré, fún wagon tó kún fún èrò nínú oòrùn, kò ní pẹ́ rẹ̀ ẹ́.

Ohun mẹ́ta ló ń ba ìjókòó tí wẹ́dà ṣe jẹ́.

Èkíní, kí wọ́n so ó mọ́ ṣáásí. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Ẹ́ńjìnì ń mì lórí rọ́bà rẹ̀, ṣáásí kì í mì. Tí ẹ bá ti tẹ tọ́ró, pọ́lì méjèèjì kò ní kọjú síra wọn mọ́, bẹ́líìtì á fò. Ara ẹ́ńjìnì nìkan ni kí bíràkẹ́ẹ̀tì di mú, ó kéré tán níbi mẹ́ta, kí àwọn ibi mẹ́ta náà má sì wà lórí ìlà kan ṣoṣo.

Èkejì, irin fẹ́lẹ́. Irin pẹlẹbẹ 10 mm ni kí ẹ lò, pẹ̀lú ègé irin onígun mẹ́ta ní igun kọ̀ọ̀kan. Irin tó bá ń rọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ yín á máa gbọ̀n tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá gbé ẹrù, á sì ya láàárín oṣù díẹ̀, ibi tí wẹ́dà jó o sí gan-an ló ti máa ya.

Ẹ̀kẹta ni pọ́lì tí kò dọ́gba, èyí tó sì ń da ọ̀pọ̀ láàmú nìyẹn. Báyìí lẹ ṣe máa wò ó. Ẹ mú irin tó gún régé, tó gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lé ojú pọ́lì kránkì, kó fara mọ́ ọn lókè àti nísàlẹ̀ láìsí àlàfo, kí orí kejì nà dé pọ́lì kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Etí pọ́lì méjèèjì kì í nípọn dọ́gba, nítorí náà ẹ wọn ọ̀nà láti ara irin náà dé àárín ojú bẹ́líìtì lára ìkọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò gbọ́dọ̀ ju 1.5 mm lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé irin yẹn lọ sí apá òsì pọ́lì kọ̀mpúrẹ́sọ̀, kí ẹ tún gbé e lọ sí apá ọ̀tún. Tí nọ́ńbà bá yàtọ̀ síra, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wáṣà lè sún un síwájú tàbí sẹ́yìn. Wáṣà kò lè tún èyí tó wọ́ ṣe; bíràkẹ́ẹ̀tì ló gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ wẹ́dà.

Ẹ tún wo bí pọ́lì ṣe tóbi sí. Tí ti kránkì bá jẹ́ 150 mm, tí ti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ jẹ́ 125 mm, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń sáré ní 1.2 ìlọ́po ẹ́ńjìnì. Ní 800 rpm nínú gósílóò, 960 ló ń ṣe. Ní 5,000 rpm, ó ti di 6,000, ibi tó yẹ kó dúró nìyẹn fún SD7H15. Ẹ má fi pọ́lì kékeré sí i kó lè tutù kíákíá ní gósílóò, ẹ ó kàn jó o ní ọ̀nà ẹ́síprẹ́ẹ̀sì.

Wẹ́dàKékeré:
Ẹ̀gbọ́n, tí a bá lo angle iron 5 mm ńkọ́, tí a fi ṣe méjì tó bo ara wọn?

Bẹ́líìtìTóLe:
Àbúrò, rárá. Méjì tó bo ara wọn kò dà bí ọ̀kan tó nípọn àfi tí ẹ bá jó etí wọn yíká, nígbà náà iná ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ gé 10 mm. Kí ẹ sì kọ́kọ́ fi bóòtù dè é mọ́ ẹ́ńjìnì pẹ̀lú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lórí rẹ̀ kí ẹ tó fi iná tọ́ ọ síbì kan síbì kan, ẹ tún wọn pọ́lì, kí ẹ tó wá jó o tán. Ẹ má jó o sórí tábìlì kí ẹ wá máa fipá mú un wọlé.

Bẹ́líìtì: ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò láàárín pọ́lì méjèèjì. Tí ọ̀nà tó wà láàárín wọn bá tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kó wọlé nǹkan bí 10 mm. Tí ẹ bá rí eruku dúdú lára bíràkẹ́ẹ̀tì, tàbí tó ń súfèé láàárọ̀ tí òjò rọ̀, ẹ má kàn fà á le sí i. Ẹ padà sídìí irin tó gún régé yẹn.

Ọ̀gáHóòsì:
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti pa mọ́ àti sọ nù.

Hóòsì: sọ nù. Hóòsì ayé R12 kò ní awọ inú tó ń dá R134a, gáàsì tó rọ́pò R12, dúró. Gáàsì á máa yọ lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ihò kankan tí ẹ lè rí. Ẹ béèrè fún barrier hose. Ìwọ̀n mẹ́ta ni: nọ́ńbà 10 láti kọ́ìlì padà sí kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ihò inú rẹ̀ tó 13 mm, nọ́ńbà 8 láti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ sí kọ̀ndẹ́nsà, 10 mm, nọ́ńbà 6 láti kọ̀ndẹ́nsà gba inú dráyà (ìgò tó ń fa omi kúrò nínú gáàsì) lọ sí kọ́ìlì, 8 mm. Ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi tẹ orí rẹ̀ mọ́ ọn. Kílíìpù oní-súkúrù tí wọ́n ń fi sí hóòsì omi kò lè di prẹ́ṣọ̀ 250 psi mú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iyẹn tàn yín.

Kí ẹ tó tẹ orí hóòsì, ẹ de orí méjèèjì sí ibi tí wọ́n máa wà, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí bí wọ́n ṣe kọjú síra wọn. Orí tó bá kọjú síbi tí kò yẹ máa lọ́ hóòsì, lílọ́ yẹn á sì jò. Ẹ fi ìfà díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ẹ́ńjìnì àti bọ́dì, 3 sí 5 sẹ̀ǹtímítà, torí ẹ́ńjìnì á máa mì. Kó jìnnà sí ẹ́gísọ́ọ̀sì. Tí kò bá lè jìnnà, ẹ wọ̀ ọ́ ní aṣọ tí iná kì í jó.

O-ring: ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sí aláwọ̀ ewé tí wọ́n ṣe fún R134a. Ẹ fi ọ́ìlì pa á kí ẹ tó dè é. Èyí tí ẹ bá dè ní gbígbẹ á yí pọ̀ nínú ihò, ẹ ò ní mọ̀ títí gáàsì á fi tán.

Dráyà: sọ nù, láìsí àríyànjiyàn. Oògùn tó ń fa omi nínú ti R12 (XH-5) kì í bá R134a gbé, ó ń rún di ìyẹ̀fun. XH-7 tàbí XH-9 ni kí wọ́n kọ sí èyí tí ẹ máa rà. Dráyà ni ohun tí ẹ máa tú ìdérí rẹ̀ kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kété kí ẹ tó so fákúùmù mọ́ ọn. Èyí tó ti ṣí sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ òjò kan ti mu omi yó.

Kọ́ìlì: ẹ lè pa á mọ́ tó bá yege. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ fọ inú rẹ̀ pẹ̀lú omi fọ́ọ́ṣì tí wọ́n ṣe fún AC títí ọ́ìlì àtijọ́ á fi jáde tán, kí ẹ fi náítírójìn fẹ́ ẹ gbẹ. Ẹ má lo pẹtiróòlù. Ẹ dí ẹnu kan, ẹ ti náítírójìn sí i dé 150 psi, ẹ rì í sínú omi fún ìṣẹ́jú 15. Expansion valve rẹ̀, ẹnu tóóró tó ń díwọ̀n gáàsì olómi tó ń wọ kọ́ìlì, ni kí ẹ pààrọ̀. Ọ̀pá tín-ín-rín tó ní orí bí ìka, tó wà lára valve yẹn, ara páìpù tó ń jáde kúrò nínú kọ́ìlì ló gbọ́dọ̀ dì mọ́: ẹ fi yanrìn pápù nu páìpù náà kó mọ́, ẹ dì í pẹ̀lú kílíìpù, kí ẹ wá fi téèpù dúdú onírọ́bà bò ó pátápátá. Tí afẹ́fẹ́ gbígbóná inú dáṣíbọ́ọ̀dù bá ń kàn án, valve á rò pé kọ́ìlì gbóná, á ṣí ju bó ṣe yẹ lọ, gáàsì olómi á sì padà sí kọ̀mpúrẹ́sọ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́: ẹ má fi ọ́ksíjìn wẹ́dà dán an wò. Ó wà lọ́wọ́, ó rọrùn, ó sì ń pa èèyàn. Ọ́ksíjìn pẹ̀lú ọ́ìlì nínú páìpù tó wà lábẹ́ prẹ́ṣọ̀ lè bú gbàmù láìsí iná kankan. Náítírójìn nìkan, pẹ̀lú régúlétọ̀ rẹ̀.

504LóDùn:
Kọ̀ndẹ́nsà ńkọ́? Mo rí i pé àwọn kan kàn fa R134a sínú kọ̀ndẹ́nsà R12, wọ́n dín in kù sí 80 nínú 100, ó sì tutù.

Ọ̀gáHóòsì:
Ó tutù níbi tí ìta náà ti tutù. Òótọ́ ni òfin yẹn: tí R12 bá jẹ́ 1 kìló, R134a máa wà láàárín 800 sí 850 gírámù. Àmọ́ kọ̀ndẹ́nsà àtijọ́, páìpù kan gbọọrọ tó ń lọ tó ń bọ̀, ni kò lè da ooru nù kíákíá. Ẹ fi wé ara wọn: tí gáàsì inú kọ̀ndẹ́nsà bá gbóná dé 60°C, R12 máa wà ní nǹkan bí 206 psi, R134a ní nǹkan bí 229. Bó ṣe ń gbóná sí i ni àlàfo yẹn ń pọ̀ sí i. Ní gósílóò Ọjọ́ọ́ta lọ́sàn-án, kọ̀ndẹ́nsà àtijọ́ kò lè mú un wálẹ̀, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ló máa jìyà rẹ̀.

Parallel flow, kọ̀ndẹ́nsà tí gáàsì ń gba inú páìpù púpọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ni kí ẹ rà, èyí tó tóbi jù tó lè wọ iwájú yẹn. Ẹ wọn àyè tó wà láàárín irin méjèèjì ní ínṣì, kí ẹ yọ ibi tí orí hóòsì máa gbà kúrò, kí ẹ tó lọ sọ́jà. Ẹnu òkè ni gáàsì ń gbà wọlé, ẹnu ìsàlẹ̀ ló ń gbà jáde, torí ó ń di olómi bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má ṣe fọ èyí tó ti kún fún ìdọ̀tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó fọ́. Ojú ihò inú rẹ̀ kéré ju kí fọ́ọ́ṣì lè kó o jáde. Tuntun ni.

Kí ẹ sì fi fóòmù tàbí rọ́bà dí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín kọ̀ndẹ́nsà àti rẹdíétọ̀. Fáànù kì í mọ̀ ibi tó yẹ kó ti fa afẹ́fẹ́. Ibi tó bá ti rọrùn fún un ló ti ń fà á. Tí ẹ̀gbẹ́ bá ṣí sílẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ni yóò máa yí padà wá síwájú tí mọ́tò bá dúró.

Àtìbà504:
Ọ́ìlì ńkọ́, ọ̀gá? Mélòó, irú èwo?

Ọ̀gáHóòsì:
Denso: ND-OIL 8, tàbí PAG 46. SD7H15: SP-20 ti Sanden, tàbí PAG 100. Ọ́ìlì R12 àtijọ́ kì í pò pọ̀ mọ́ R134a, ó kàn ń jókòó sísàlẹ̀ kọ́ìlì, ìdí tí mo fi ní kí ẹ fọ̀ ọ́ jáde nìyẹn.

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tuntun máa ń ní ọ́ìlì nínú, iye rẹ̀ wà lára lébẹ̀lì. Fún SD7H15, 135 ml ló sábà máa ń jẹ́, ó sì tó fún gbogbo ètò oní-kọ́ìlì kan. Ẹ má fi kún un. Tòkunbọ̀ ni kí ẹ dorí rẹ̀ kodò, kí ẹ fọwọ́ yí i kí ọ́ìlì àtijọ́ jáde tán, kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀. Tó bá dúdú tàbí tó ní fàdákà tín-tìn-tín nínú, ẹ dá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ náà padà fún ẹni tó tà á. Tó bá mọ́, ẹ fi ọ́ìlì tuntun sí i, 120 sí 150 ml. Ọ́ìlì àpọ̀jù kò ṣe é lóore, ṣe ló ń lẹ̀ mọ́ inú kọ́ìlì, tí kọ́ìlì ò sì ní tutù mọ́. Ẹ dé ìgò PAG lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó. Ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ bí iyọ̀.

Rewaya_Gate:
Iná. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó ń jẹ iná: kọ́ìlì mágínẹ́ẹ̀tì kọ̀mpúrẹ́sọ̀, nǹkan bí 4 A. Fáànù 14 ínṣì níwájú, 10 sí 15 A. Fáànù inú mọ́tò ní òpin rẹ̀, nǹkan bí 15 A. Ó ti súnmọ́ 35 A kí ẹ tó tan iná alẹ́ tàbí wáípà. Ọ́tánétọ̀ àtijọ́ 504 kò lè gbé e; ti Hiace tó bá ẹ́ńjìnì wá ni kí ẹ lò.

Ojú ọ̀nà iná náà rèé: súwíìṣì fáànù inú mọ́tò, ó lọ sí súwíìṣì AC, ó lọ sí tẹmọsítáàtì kọ́ìlì, ó lọ sí súwíìṣì prẹ́ṣọ̀, ó wá dé rílè. Rílè ló ń gbé iná mágínẹ́ẹ̀tì láti bátìrì, pẹ̀lú fíúsì 10 A. Ìdí tí súwíìṣì fáànù inú fi wà níbẹ̀rẹ̀ ni pé AC kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò bá kọjá lórí kọ́ìlì. Á di yìnyín. Fáànù iwájú ní rílè tirẹ̀, fíúsì 20 A, wáyà 2.5 mm² ó kéré tán.

Súwíìṣì prẹ́ṣọ̀, ẹ ra oní-wáyà mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní trinary. Iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe: ó ń pa kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí gáàsì bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí prẹ́ṣọ̀ já sí nǹkan bí 30 psi, ó ń pa á tó bá gun dé nǹkan bí 400, ó sì ń tan fáànù iwájú tó bá tó nǹkan bí 220. Kò wọ́n ju fáànù kan lọ, ó sì ń gba kọ̀mpúrẹ́sọ̀ là. Ẹni tó bá so mágínẹ́ẹ̀tì tààrà mọ́ súwíìṣì torí pé "ó ń ṣiṣẹ́ náà ni" kò tíì rí ọjọ́ tí fáànù iwájú kọ̀ láti yí.

Àwọn tó ń gbé ẹ́ńjìnì EFI (èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí epo rẹ̀) sínú mọ́tò àtijọ́ máa ń gbàgbé ẹ́ńjìnì náà fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé AC ti wọlé kó lè gbé ìdúró ẹ́ńjìnì sókè. Wáyà AC wà nínú háànẹ́ẹ̀sì Hiace. Ẹ wo àwòrán wáyà ẹ́ńjìnì yín kí ẹ tó gé èyíkéyìí dànù. Tí ó bá gbọ́ ìròyìn yẹn, ẹ́ńjìnì á dúró láàárín 800 sí 900 rpm pẹ̀lú AC. Tí kò bá gbọ́, á máa gbọ̀n, á kú ní gósílóò, wọn á sì máa bá yín yí pọ́lọ́ọ̀gì láìnídìí.

Àlàfo mágínẹ́ẹ̀tì náà: ẹ fi fílà géèjì wọ̀n ọ́n láàárín ojú iwájú àti pọ́lì. Denso, 0.35 sí 0.65 mm, Sanden, 0.4 sí 0.8. Tó bá fẹ̀ jù, á gbá mọ́ra nígbà tí mọ́tò tutù, á kọ̀ nígbà tó gbóná. Wáṣà tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn ojú yẹn ni ẹ máa yọ.

Afẹ́fẹ́Tútù:
Ó ti wá kan gáàsì.

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fíríìjì àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ oní-gáàsì ń fi fa afẹ́fẹ́ jáde máa ń mú ọ̀pá géèjì wálẹ̀, lóòótọ́. Àmọ́ kì í fà dé ibi tí omi inú páìpù ti máa hó. Fákúùmù pọ́ǹpù gidi ni kí ẹ wá. Ọ̀pá géèjì búlúù (apá prẹ́ṣọ̀ kékeré; pupa ni apá prẹ́ṣọ̀ ńlá) gbọ́dọ̀ dé ibi tó súnmọ́ 30 ínṣì mẹ́kúrì bí ẹ bá wà létí òkun. Ẹ jẹ́ kó fà fún ìṣẹ́jú 45. Lásìkò òjò, wákàtí kan. Ẹ ti fáàfù, ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ dúró ìṣẹ́jú 30. Tí ọ̀pá bá padà sókè, ó ń jò tàbí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má dá gáàsì sí i kí ẹ tó mọ ìdí.

Ẹ gbé sílíńdà gáàsì sórí òṣùwọ̀n. Láìtan ẹ́ńjìnì, ẹ dorí sílíńdà kodò, kí ẹ jẹ́ kí 400 gírámù olómi gba ẹnu pupa wọlé. Ẹ ti ẹnu pupa pa, ẹ má ṣe ṣí i mọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́: prẹ́ṣọ̀ á padà sínú sílíńdà, sílíńdà á bú. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 10 kí olómi yẹn tó tàn ká, torí bí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá bá olómi pàdé, fáàfù inú rẹ̀ á ṣẹ́. Nígbà náà ni ẹ máa tan ẹ́ńjìnì ní 1,500 rpm, ilẹ̀kùn ṣíṣí, fáànù inú ní òpin rẹ̀, kí ẹ wá máa jẹ́ kí gáàsì, tí kì í ṣe olómi, gba ẹnu búlúù wọlé ní 50 gírámù, 50 gírámù. Mọ́tò oní-kọ́ìlì kan tó ní parallel flow sábà máa ń kún láàárín 650 sí 800.

Ní ọjọ́ tí ìta jẹ́ 32°C, búlúù 30 sí 40, pupa 200 sí 250, ẹ dúró síbẹ̀. Gíláàsì kékeré tó wà lórí dráyà kì í sọ òótọ́ fún R134a. Fóòmù díẹ̀ lè wà níbẹ̀ kí gáàsì sì ti pé. Àwọn tó ń fi kún un títí gíláàsì á fi mọ́ ló ń rọ̀ ọ́ kún ju bó ṣe yẹ.

504LóDùn:
Tí géèjì bá ń ka 60 ní búlúù, 330 ní pupa ńkọ́?

Afẹ́fẹ́Tútù:
Ẹ da omi tútù sójú kọ̀ndẹ́nsà láti inú ike. Tí pupa bá já sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tí afẹ́fẹ́ inú mọ́tò sì tutù, afẹ́fẹ́ iwájú kò tó: ẹ wo fáànù, bóyá ó ń fẹ́ síwájú dípò kó fà sẹ́yìn (ẹni tó bá yí wáyà méjèèjì pa dà á rí i), ẹ wo fóòmù ẹ̀gbẹ́. Tí omi kò bá yí nǹkan kan pa dà, gáàsì ti pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ lásán wà nínú rẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá dé ìwọ̀n ìta, kí ẹ tún wo géèjì: ní 30°C, R134a tó mọ́ gbọ́dọ̀ dúró ní nǹkan bí 97 psi lápá méjèèjì. 115? Afẹ́fẹ́ lásán nìyẹn. Ẹ dà á jáde, ẹ padà sídìí fákúùmù.

Búlúù 60 àti pupa 130, tí bẹ́líìtì ń yí: kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ti rẹ̀. Búlúù tó ń lọ sínú fákúùmù lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, tí ó sì padà bọ̀ sípò tí ẹ bá pa á fún ìgbà díẹ̀: omi ló ń di yìnyín nínú expansion valve. Dráyà tuntun, fákúùmù gígùn.

Wẹ́dàKékeré:
Wọ́n ní gáàsì olówó pọ́ọ́kú kan wà tó ń tutù ju R134a lọ.

Afẹ́fẹ́Tútù:
Ó tutù, torí gáàsì ìdáná ni, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kọ́ìlì yẹn wà nínú mọ́tò pẹ̀lú yín. Tó bá jò, orí ẹsẹ̀ yín ló ti ń kóra jọ. Àdàmọ̀dì R134a náà wà: lọ́dún 2011, kọ̀ńténà tí ń gbé oúnjẹ tútù bú gbàmù nítorí pé gáàsì ayédèrú tí wọ́n rọ sínú rẹ̀ ní R40, tó ń bá àlùmíníọ́ọ̀mù jà. Kọ̀ndẹ́nsà yín, àlùmíníọ́ọ̀mù ni. Kí ẹ tó so sílíńdà tuntun mọ́ mọ́tò, ẹ jẹ́ kó dúró nínú ibòji fún wákàtí díẹ̀, ẹ so géèjì mọ́ òun nìkan, ẹ fi wé ìwọ̀n ìta: 25°C, 82 psi, 30°C, 97 psi. Tó bá fi ju psi mẹ́rin tàbí márùn-ún yàtọ̀, kì í ṣe R134a tó mọ́.

Àtìbà504:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan péré ló kù: ẹnu gáàsì R12 tó wà lára páìpù àtijọ́ ńkọ́, àti omi tó máa ń kán sórí ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó síwájú?

Ọ̀gáHóòsì:
Páìpù tuntun ni kí ẹ ṣe, pẹ̀lú ẹnu R134a: ti búlúù 13 mm, ti pupa 16 mm, kò sí ẹni tó máa fi ara wọn dípò ara. Ẹ kọ R134a àti irú ọ́ìlì sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì níbi tí oní-gáàsì tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa rí i.

Omi yẹn, páìpù kékeré abẹ́ kọ́ìlì ló dí tàbí tó dùbúlẹ̀. Ẹ fi wáyà rírọ̀ tú u, kí ẹ jẹ́ kó máa sọ̀ kalẹ̀ láti àpótí kọ́ìlì títí dé ihò ilẹ̀ mọ́tò, láìgun òkè níbì kankan. Kí orí rẹ̀ nísàlẹ̀ jìnnà sí ẹ́gísọ́ọ̀sì, kí ẹ fi ègé rọ́bà tí ẹ là láàárín sí i lẹ́nu kí ẹrẹ̀ má bàa wọlé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí AC bá ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ rí omi nílẹ̀ lábẹ́ mọ́tò.